Gíláàsì Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

"Mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, òdo," Dókítà ń kà á sókè láti inú ìwé tó dì mú. "Òdo, òdo, òdo, títí dé ìsàlẹ̀. Bàbá, ṣé ẹ rí i?"

Bàbá Àwòdì rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó mi orí, ó sì ń ṣe bí ẹni tó ń to ìgò sórí pẹpẹ.

"Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún," Dókítà tún wí. "Ọmọbìnrin yẹn tó máa ń sùn nínú kíláàsì. Kó tó lo oògùn, ẹyin aràn igba ó lé méjìlá lẹ kà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ó lo ìdajì oògùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, òdo. Ìdajì oògùn, Bàbá. Tí mo bá ka èyí níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìdajì yìí náà ni wọn yóò máa fún àwọn ọmọ ní gbogbo ilé ìwé tó kù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Àwòdì dáhùn. Dókítà fi ayọ̀ jáde, ó gbàgbé ife tíì rẹ̀ sórí tábìlì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Àwòdì ti ń jókòó sídìí maikirosikóòpù ní yàrá àyẹ̀wò yìí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí àrùn tí aràn àti kòkòrò ń fà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbẹ́ ọmọ olọ́mọ ló fi tọ́ ọmọ tirẹ̀. Òun náà a ní kò burú, ìgbẹ́ ò purọ́ fún òun rí, ó sàn ju ọ̀pọ̀ èèyàn tí òun mọ̀ lọ. Ojú rẹ̀ tí nǹkan kan kì í bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Àwòdì. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni Dókítà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹyin aràn lórí gíláàsì nígbà tó wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń di imú. Ọ̀gá rẹ̀ ni báyìí. Níwájú èèyàn, "ẹ" ni Bàbá Àwòdì ń fún un. Tó bá ku àwọn méjèèjì, ó tún padà di "ìwọ", Dókítà ò sì fẹ́ kó yí i padà láéláé.

Aràn tí wọ́n ń wá yìí ní ìkọ́ lẹ́nu. Ìkọ́ yẹn ló fi ń há mọ́ ìfun ọmọdé, tí yóò máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀, títí ojú ọmọ náà yóò fi funfun, tí oorun yóò máa gbé e lọ lórí bẹ́ǹṣì. Wàhálà ẹyin rẹ̀ ni pé awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá ti tẹ́ ìgbẹ́ sórí gíláàsì, tí wọ́n fi omi oògùn aláwọ̀ ewé bò ó kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá, wákàtí kan péré ni ẹyin náà ní. Lẹ́yìn ìyẹn, omi oògùn kan náà á jẹ ẹ́ tán. Èèyàn á wo gíláàsì, kò ní rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ aràn kún ìfun ọmọ fọ́fọ́. Kò sì sí ẹni tó lè tún gíláàsì náà wò lọ́jọ́ kejì láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ kọ. Ojú ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ni gbogbo wọn gbọ́kàn lé.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ gíláàsì ní márùn-ún márùn-ún. Bàbá Àwòdì fúnra rẹ̀ ló fi òfin náà lélẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kéde pé iná máa lọ tó bá dọ̀sán, ó sì bi ara rẹ̀ pé, kí ni ogún gíláàsì jẹ́ lójú òun? Ó tẹ́ ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ka èkíní, ó ka èkejì. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó dà bíi pé kùrukùru bo ojú awò maikirosikóòpù náà. Ó nu awò náà. Ó tún un nu. Ó tú gílóòbù iná rẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú tó ti ń bá a jà kó tó pa ojú ọ̀tún dé, tó fi ti òsì wò ó, tó rí i pé ohun gbogbo mọ́ rekete. Kì í ṣe awò ló níṣòro, ojú rẹ̀ ni.

Ó jókòó síbẹ̀ gẹlẹtẹ, ẹ̀rù ń bà á bí ọmọdé. Nígbà tó máa fi padà sídìí gíláàsì, wákàtí kan ti kọjá tipẹ́. Ó yẹ kó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn tó kù ò ṣeé kà mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ẹyin kankan, ó sì kọ òdo méjìdínlógún tẹ̀ léra, ó ń tan ara rẹ̀ pé ohun tí ojú òun rí lòun kọ. Ìtìjú ló fà á, kò sí orúkọ míì tí a lè pè é.

Ìyàwó rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ń gé àlùbọ́sà nígbà tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá ilé. Bọ́tìnnì yín ò gbọ́ra wọn yé lónìí o."

Ó wo àyà ara rẹ̀. Apá kan ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn ju èkejì lọ. "Ṣé bó ṣe wà láti àárọ̀ nìyí?"

"Láti àárọ̀. Mo ní kí n wò ó bóyá ẹ máa rí i. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ń bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, tí ẹ̀ ń bú ife. Mo dákẹ́ kí ẹ má bàa ní mo tún ti dé."

Bàbá Àwòdì fa àga, ó jókòó tì í. "Mo ti ṣe nǹkan kan níbi iṣẹ́," ó ní, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ogún gíláàsì, ojú ọ̀tún, òdo méjìdínlógún. Ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tí ọmọ kíláàsì mi bá mú irú èyí wá bá mi, kí lẹ rò pé n óo ní kó ṣe?"

"Wàá ní kó lọ jẹ́wọ́."

"N óo kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun." Ó bu oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì jókòó. "Lẹ́yìn náà ni n óo ní kó lọ jẹ́wọ́."

"Wọ́n á gba àga yẹn lọ́wọ́ mi. Ó sì ku ọdún méjì péré kí n fẹ̀yìntì."

"Ọ̀rọ̀ àga lẹ̀ ń sọ. Ọmọ tó ń sùn nínú kíláàsì yẹn lèmi ń rò. Ṣé ẹ mọ iye irú ẹ̀ tó gba ọwọ́ mi kọjá? Ọ̀lẹ ni mò ń pè wọ́n. Mo máa ń ní kí wọ́n dìde dúró títí agogo á fi lù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé aràn ni." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ bá ọmọ yín sọ ọ́ lọ́la."

Dókítà ló ń pè ní ọmọ yín. Ojoojúmọ́ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti alẹ́ ọjọ́ yẹn dun Bàbá Àwòdì dé egungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá Dókítà níbi tó ti ń tẹ ìwé tó máa kà fún ìgbìmọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, àwọn òdo yẹn kì í ṣe òdo." Kò jókòó. Orí ìdúró ló ti rò ó tán.

Dókítà ń wò ó. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ tẹ́ ogún pọ̀?"

"Èmi ni."

"Mo tẹ́ mẹ́fà lọ́jọ́ kan nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Ẹ lé mi jáde."

"Mo rántí."

"Mo sunkún délé, Bàbá."

"Mo mọ ìyẹn náà. Àwọn kan sọ fún mi."

Dókítà yíjú sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù, ó pe alága ìgbìmọ̀. Bàbá Àwòdì dúró, ó ń retí kó dá orúkọ òun. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," Dókítà ń wí, "a ò ní lè wá lọ́jọ́ Ẹtì. Àwa la ṣàṣìṣe níbi àyẹ̀wò. Ó di dandan ká tún padà lọ gba ìgbẹ́ àwọn ọmọ náà." Àwa, ló wí. Bàbá Àwòdì tẹjú mọ́lẹ̀.

"Inú ṣì ń bí mi sí yín o," ni Dókítà wí nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ó yẹ kó bí ọ."

"Ojú wo ni? Ẹ sún mọ́bí." Ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ojú ọ̀tún rẹ̀, ó rọra fi àtàńpàkò gbé ìpéǹpéjú sókè. "Ó ti funfun nínú níbí. Wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì máa ń mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni n óo gbé yín lọ. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ìgbà yìí?"

"Kí n wá sọ fún ọ pé Àwòdì ò ríran mọ́?"

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí pé òun ń bínú, ó pa á mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ajé, ìgbẹ́ tuntun dé láti ilé ìwé. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n tẹ́ ẹ, aago wà lórí tábìlì. Wọ́n fi ẹnu kò pé èèyàn méjì ni yóò máa ka gíláàsì kọ̀ọ̀kan: Bàbá Àwòdì á kọ́kọ́ fi ojú òsì kà á, á pe iye tó rí, á sún un sí Dókítà tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun náà á kà á. Tí iye méjèèjì bá bára mu, wọ́n á kọ ọ́. Ó ń bára mu dáadáa. Aràn ṣì wà lára àwọn ọmọ náà. Ìdajì oògùn ò ràn án.

Wọ́n dé nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Bàbá Àwòdì rora kà á, láti òsì sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń ro poro, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ ojú òsì náà.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta," ó ní, ó sì sún un sí i.

Dókítà kà á. Ó kà á tán, kò gbé orí sókè. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bákan náà ni," ó wí níkẹyìn. "Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Bàbá Àwòdì mọ ohùn yẹn. Irú ohùn tí òun náà fi ní ó dáa bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ka òdo ni.

"Má ṣe é nítorí mi," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Mélòó lo rí?"

Dókítà gbé orí sókè. "Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún."

"Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún." Ó fa ìwé mọ́ra, ó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú nọ́ńbà ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ti àga sẹ́yìn, àga tí kò sẹ́lòmíì tó jókòó lé e láti ọdún tó ti pẹ́. "Ibí yìí ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa jù. Wá jókòó. Ìwọ máa kà, èmi á máa kọ."

"Bàbá."

"Aago ń lọ, ọmọ mi."

Dókítà bọ́ sórí àga náà. Ó gbé gíláàsì tó kàn sábẹ́ awò, ó tẹ orí ba. Bàbá Àwòdì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ìwé lé apá, ó ń retí iye tó máa pè.