Òwú Pupa Nínú Àpótí Ẹja

3.

…nítorí náà mi ò jí nǹkan kan. Mo kàn yọ ìkòkò amọ̀ yẹn kúrò nínú omi ni, mo sì gbé e pa mọ́ sẹ́yìn máṣíìnì ìránṣọ mi.

Ẹni Àná ló rà á. Ìyàwó tí ọkọ mi kọ́kọ́ fẹ́ nìyẹn. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ó kó aṣọ rẹ̀ lọ, ó kó bàtà rẹ̀ lọ, ó wá fi àpótí ẹja onígíláàsì sílẹ̀ sáàárín pálọ̀ mi. Ẹja kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, dúdú, onírùngbọ̀n.

Àlejò tó bá wọlé á ní, “Àpótí yìí mà rẹwà o.” Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí.

Owú ni. Mo ti sọ ọ́, ara tù mí.


4. OHUN TÍ MO RÀ LÁTI TÚN ÀPÓTÍ ẸJA ṢE

ewéko pupa kan, fún àárín, kí ojú kọ́kọ́ bọ́ sí i
ewéko gígùn mẹ́fà, fún ẹ̀yìn
gbòǹgbò igi (mo sè é títí omi rẹ̀ fi mọ́)
òkúta dúdú mẹ́ta
xxxxxxxxxxxx (mo pa èyí rẹ́, kò sí lọ́jà)


5. NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

ÒǸTAJÀ: Ẹ má fi ọṣẹ fọ òkúta o.
ÈMI: Mo gbọ́.
ÒǸTAJÀ: Ewé pupa yìí, ẹ ò ní rì í mọ́lẹ̀. Òwú lẹ máa fi so ó mọ́ gbòǹgbò.
ÈMI: Aránṣọ ni mí. Ẹ ò lè kọ́ mi ní òwú.
ÒǸTAJÀ: Ẹni tó máa ń wá láti ilé yín tẹ́lẹ̀ mọ ewé yàn gan-an.
ÈMI: Ẹ bá mi dì í, kí n máa lọ.


6.

Aránṣọ kì í fi òwú funfun rán aṣọ pupa. Òwú pupa ni mo fi so ó.


7.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, omi ti pọ́n bí omi tí a fi fọ aṣọ tuntun. Aró òwú mi ni. Onírùngbọ̀n wá sójú omi, ó ń mí gúlegúle.


8. NÍ PÁLỌ̀

ỌKỌ MI: Ó jọ pé òwú yẹn ni. Jẹ́ ká tú u. Ká pààrọ̀ ìdajì omi.
ÈMI: Ta ló sọ fún yín?
ỌKỌ MI: Mo kàn rò ó ni. Ìkòkò amọ̀ yẹn ńkọ́?
ÈMI: Ìkòkò wo?


9. FÓÒNÙ RẸ̀

(Ó wà ní balùwẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bá mi wí.)

Orúkọ tó fi pa nọ́ńbà náà mọ́: ÌYÁ ẸJA.

ỌKỌ MI: [fọ́tò] Ìyàwó mi ló tún un ṣe. Ẹja ò gbádùn. Kí ni ká ṣe?
ÌYÁ ẸJA: Òwú yẹn ni. Tú u. Pààrọ̀ ìdajì omi, má pààrọ̀ gbogbo ẹ̀. Ìkòkò dà? Ibẹ̀ ló máa ń sá sí tí ara ẹ̀ ò bá yá.
ỌKỌ MI: Mi ò rí i. O ṣé.
ÌYÁ ẸJA: Bá mi sọ fún ìyàwó ẹ pé ewé tó yàn dáa ju tèmi lọ. Mi ò ronú kan pupa rí.

Ẹni Àná ń pè é ní “ìwọ”. “Ẹ̀yin” lèmi ṣì ń pè é.

Mo ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin.


10.

Mo tú òwú pupa náà, mo pààrọ̀ ìdajì omi, mo sì dá ìkòkò padà. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹja náà fi wọ inú rẹ̀.


11. ÀKÍYÈSÍ (mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì)

KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ FỌWỌ́ KAN OMI YÌÍ.
— ÌYÀWÓ ILÉ


12.

Ọjọ́ kẹfà nìyí. Mo ń dúró kí ọkọ mi jíṣẹ́ tí wọ́n rán an sí mi. Mi ò lè bi í, torí a kì í bèèrè iṣẹ́ tí a ò mọ̀ pé wọ́n rán.


14. NÍ PÁLỌ̀

ÈMI: Ewé yìí ńkọ́? Ṣé ó dáa?
ỌKỌ MI: Ó dáa gan-an.
ÈMI: Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?
ỌKỌ MI: Ta ni ì bá tún sọ ọ́?

Onírùngbọ̀n yọrí lẹ́nu ìkòkò, ó ń wò wá.