Okùn Ìwọ̀n Mùílíù

Ìka méjì... bí mo bá yọ ìka méjì kúrò lẹ́yìn kóòtù yìí, ta ni yóò mọ̀? Kò sẹ́ni. Mùílíù yóò wọ̀ ọ́, yóò fún un díẹ̀, yóò rò pé bí kóòtù ṣe ń rí nìyẹn. Ó dọjọ́ Jímọ̀, tó bá dé iwájú bàbá Látífàt, tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ — fàà! Ẹ̀yìn á ya láti èjìká dé ìbàdí. Kí n wá rí bàbá tí yóò fọmọ fún ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ wà níta.

Ẹ̀rín ń pa mí. Rárá, kì í ṣe ẹ̀rín. Mò ń jowú, kí n kúkú sọ ọ́ síta, èmi àti ẹ̀rọ nìkan la wà nínú ìsọ̀. Ní gbogbo Kútọnu, èmi ni Mùílíù rí tí yóò rán aṣọ tí yóò fi lọ tọrọ Látífàt. Èmi tí ojú mi ti wà lára ọmọ náà láti ọdún méjì! Kóòtù funfun ló fẹ́, bíi ti àwọn òyìnbó Faransé tó ń pàṣẹ lórí wọ́ọ̀fù, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun.

Okùn ẹ̀ nìyẹn lórí ìṣó. Mi ò mọ̀wé. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tirẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kókó kan fún ọrùn, kókó kan fún àyà, kókó kan fún apá. Ti Mùílíù fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Èjìká ẹ̀, àfi ìgbà tí mo gun àpótí kí n tó wọ̀n ọ́n — àpótí! "Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣubú o," Mùílíù ló wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbé àgbá epo bí ẹni gbé ìrọ̀rí.

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìẹ. Ìyá mi ló máa ń sọ ọ́ tí wọ́n bá lù mí nílé kéú. Ó dáa. Obìnrin wo ló ń fẹ́ abẹ́rẹ́?

Gé e, Rájí. Ìlà ẹfun ti wà lórí ẹ̀. Gé e, kí...

Àwọn agbọ́n yìí ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ronú. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń rá bàbà lórí iyanrìn iwájú ìsọ̀. Irú èyí tí kì í gbé pọ̀ ni, kálukú ló ń gbẹ́ ihò tirẹ̀. Fàdá òyìnbó tó ń kó kòkòrò sínú ìgò kúnlẹ̀ síbí lọ́dún tó kọjá. "Akọ ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọn ò lóró. Àwọn abo ṣì wà nísàlẹ̀." Àwọn akọ á kọ́kọ́ jáde, wọ́n á máa dúró de àwọn abo, èyí tó tóbi á sì gbá èyí tó kéré dànù. Mo ní kí ló dé tí òmíràn fi kéré. Ó ní bí oúnjẹ tí ìyá ẹ̀ kó sínú ihò bá ṣe pọ̀ tó ni. Tó bá ti jáde, kò tún lè dàgbà mọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Mùílíù, Àgùdà olówó, ẹran lónìí, ẹ̀wà lọ́la... Ìyá tèmi, ẹ̀kọ àti omi ẹja ní Sèmè. Ẹjọ́ ta ni?

Wò ó, ńlá kan dé. Ó já lu kékeré, ó gbé e ṣánlẹ̀. Mùílíù! Ńlá mìíràn tún dé, ó dì mọ́ tàkọ́kọ́. Wọ́n di òṣùṣù, wọ́n ń yí gbiri nínú iyanrìn. Kékeré náà tún padà, aláìnítìjú, ó ki orí bọ àárín wọn. Èmi nìyẹn... Ó dáa, ẹ jà. Ẹ jà dáadáa. Àmọ́ ibo ni —

Ibo ni abo wà?

Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Ó ti jáde. Ó rọra ń nu iyanrìn kúrò lójú. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jà, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó na ìyẹ́, ó fò lọ sọ́nà etíkun.

"Èmi ni mo dúró níwájú yín, ẹ̀gbọ́n Rájí, okùn Mùílíù lẹ̀ ń wò."

Ìgbà wo ni Látífàt sọ bẹ́ẹ̀? Àlàmísì tó kọjá... ọjọ́ tó mú búbá wá, pé apá ẹ̀ tú. Ó dúró pẹ́. Ṣé apá búbá ló ń mú èèyàn dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ó ní bàbá òun ń bi òun pé ta ni òun fẹ́. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Èmi ńkọ́? Mo ní, "Mùílíù yìí, àyà ẹ̀ tó ti màlúù." Ohun tí mo sọ nìyẹn! Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó lọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Mo mọ ara Mùílíù dé kókó tó gbẹ̀yìn. Ojú Látífàt lọ́jọ́ náà, báwo ló ṣe rí? Mi ò mọ̀. Mi ò wò ó.

Àlùmọ́gàjí ṣì yanu lórí ẹfun. Òní Àlàrùba. Búbá Látífàt ṣì wà lórí ìṣó, lẹ́yìn okùn Mùílíù, mi ò tíì rán apá ẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi... Ọdún méjì, mi ò bi í rí bóyá ó fẹ́ mi.