Ọkọ̀ Ìjàpá Ẹ̀yìnkùlé

Ọdún mẹ́ta ni Lìádì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Olódò, fi ń tún ọkọ̀ ìjàpá bàbá rẹ̀ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Wẹ́dà bá a jó abẹ́ rẹ̀ tí ìpẹtà ti jẹ, òun fúnra rẹ̀ pààrọ̀ kabúrétọ̀. Láàárín ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Mikail, kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé náà. Lìádì ń wo búlọ́ọ̀kù bó ṣe ń ga, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, Alhaji wá kí i.

"O káre. Ibo ló máa gbà jáde?"

"Mo ṣe bí ẹ máa fi ọ̀nà sílẹ̀ ni."

"O ò sọ fún mi pé o fẹ́ wà á."

Lìádì wọkọ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ògiri ṣọ́ọ̀bù àti igi ọ̀sàn ẹ̀yìnkùlé, títí epo fi tán.