Kíjìpá Wosilat

Aṣọ náà ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlà aró kan kọ́kọ́ yọ, ó dúró. Funfun tẹ̀ lé e, òun náà dúró. Bàbá Mùsílíù Ògúndípẹ̀ na ọrùn síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá," ni Olúṣẹ́gun wí. Òun ló ni ilé ìkọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́bàá ọjà Odò-Òrì náà. "Láti Ìbàdàn la ti ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wá lórí wáyà fóònù kí àwòrán tó yọ. Kò lè yára."

"Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ní sùúrù," ni bàbá fèsì.

Ọdún méjì ni Wosilat ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kíjìpá ni obìnrin náà fi gbogbo ayé rẹ̀ hun, lórí òfì ìnàró tó gbé ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, òfì àwọn obìnrin àtijọ́ tí àwọn ọmọge ìsinsìnyí kò fẹ́ jókòó tì mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà ń kú lọ ní Ìwó, ilé ìtajà kan ní London rán aṣojú wá. Wọ́n ní lọ́wọ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ni àwọn ti ń rajà, kò sí alágbàtà láàárín, àwọn yóò sì san iye tó tọ́ sí òógùn rẹ̀. Wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ. Láti ìgbà náà, kí Wosilat tó gé aṣọ kúrò lórí òfì báyìí, wọ́n ti ní àwọn ń bọ̀ wá gbé e.

Nígbà tó kú, àwọn mọ̀lẹ́bí pín ìwọ̀nba aṣọ tó kù sílé, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Bàbá jókòó, ó ń wò wọ́n, kò bèèrè ìkankan. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, tó ṣí àpótí pé kí òun wá nǹkan fi bora, ló tó yé e pé kò sí fọ́nrán òwú kan tí ọwọ́ Wosilat kàn nínú ilé òun mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Faridah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì l'Óṣogbo, ló mú ìròyìn wá pé ilé ìtajà náà ti ń pàtẹ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé èèyàn lè jókòó sí Ìwó kó máa wo àtẹ tó wà ní London. Abdulquadri ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà ní London níbẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti rí aṣọ tí wọ́n ń fẹ́, òun yóò rà á. Ìdí nìyí tí Faridah fi wálé ní ọjọ́ Sátidé yìí, tó mú bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Olúṣẹ́gun.

Àmọ́ kíjìpá pọ̀ lórí àtẹ náà, obìnrin Ìwó tó hun wọ́n kì í sì í ṣe ẹnì kan. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá yọ, Faridah á bèèrè pé, "Ṣé ti Màmá nìyí?" Bàbá á mi orí. Ojú ń tì í. Ó bá ahunṣọ gbé láti ìgbà èwe, etí rẹ̀ mọ ìró apasà tí obìnrin náà fi ń lu òwú mọ́ra, gbìn, gbìn, ju bó ṣe mọ ohùn ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ náà fúnra rẹ̀, kò wò ó rí kó wò ó dáadáa.

"Ṣé èèyàn ò lè fọwọ́ kàn án ni?" ló bèèrè.

Olúṣẹ́gun fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Èyí tó ń yọ lọ́wọ́ báyìí parí. Aró, funfun, ìlà pupa tín-ín-rín. Ní etí kan, ìlà pupa náà dé àárín, ó já; dúdú ló bá a dé òpin. Bàbá fò dìde.

"Òun nìyí!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo gbàgbé òwú pupa rẹ̀."

Ìgbà tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni. Wosilat rán an ní òwú ní Gbági, nígbà tó ń lọ sí Ìbàdàn. Ó pàdé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ dùn, ó gbàgbé, ó sì dé lọ́wọ́ òfo. Wosilat pòṣé. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó mú òwú dúdú, ó ní ẹni tó bá bi òun léèrè, òun á ní ọnà tuntun ni.

Orúkọ kan wà lábẹ́ àwòrán náà, wọn kò fi àmì sí i lórí: KASIMILETI. Wọ́n ní èyí nìkan ló kù. Faridah pè é bí orúkọ ará Ítálì. Olúṣẹ́gun ní bóyá orúkọ òyìnbó tó ya fọ́tò ni. Ó já íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lórí wáyà kí wọ́n lè rí fóònù lò, Faridah sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Fún mi ní Bàbá," ni Abdulquadri wí. Nígbà tó kí i tán, ó ní, "Orúkọ wo ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, Bàbá?"

"Ka. Si. Mi. Le. Ti."

Fóònù ń kùn bí oyin. "Mi ò gbọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

Bàbá tún un pè. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ahọ́n rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ gbé ohùn sí i. "Kà á sí mi..."

Kà á sí mi létí.

Kó tó fẹ̀yìn tì, ó máa ń mú ìwé ìròyìn bọ̀ láti kóòtù ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó ti òfì, á sì máa kà á sókè. Ilé kéú nìkan ni Wosilat lọ. Bàbá á ka ti olóṣèlú, á ka ti bọ́ọ̀lù, á ka ti olè tí wọ́n mú ní Ilé-Ogbó. Obìnrin náà kì í fèsì. Apasà rẹ̀ nìkan ló ń dún, bàbá sì máa ń rò pé ògiri ni òun ń kàwé fún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó di pé ó ń fowó ara rẹ̀ ra ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sínú. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé nǹkan kan ti dín nínú ilé. Wosilat kàn fi í sọ aṣọ lórúkọ fún aṣojú ilé ìtajà náà.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Kò mọ̀ pé wọ́n ti sọ ààbọ̀ náà.

Ohun tó wá gún un lọ́kàn jù ni pé "ẹ" ni Wosilat fi bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kú. Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá jẹun. Kò já "ẹ" náà sílẹ̀ lójọ́ kan. Orí aṣọ nìkan ló ti bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́: "kà á", kì í ṣe "ẹ kà á".

Abdulquadri ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ pe ilé ìtajà náà. Bàbá lọ kírun Àílà ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó sì padà wá jókòó. Nígbà tí fóònù dún, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ti rà á láàárọ̀ yìí. Obìnrin kan ni. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò ká a mọ́."

Faridah gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí. Ó yíjú sí fèrèsé, ó ń fi etí ìborùn nu ojú.

"Kò burú," ni bàbá wí, ó sì yà á lẹ́nu pé kò burú lóòótọ́.

"Wọ́n tún ní nǹkan kan, Bàbá. Obìnrin náà ń bèèrè ìtumọ̀ orúkọ yẹn, àwọn ò sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí a bá mọ̀ ọ́n, ká wí, kí àwọn kọ ọ́ mọ́ aṣọ náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́."

Lóde, ẹnì kan ń ná iṣu, ọ̀kadà ń fọn fèrè. Bàbá di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Sọ fún wọn pé orúkọ ènìyàn ni. Orúkọ tí ìyàwó kan sọ ọkọ rẹ̀ ni."

"Ta ni ọkọ náà, Bàbá?"

Bàbá ń gbọ́ orúkọ náà lọ́wọ́ ní etí rẹ̀, ohùn Wosilat tó ń pè é kò sì yí padà.

"Èmi ni," ló wí.