Ọpẹ́ Àná

Ìborùn ló fẹ́ pa mí. Kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe àìsàn. Ìborùn tí mo fi ọwọ́ ara mi wé mọ́ ọrùn nítorí òtútù òwúrọ̀ ni. Mo tẹ̀ síwájú láti wò ó bóyá fúláwà ti pò dáadáa, ni ẹ̀rọ tó ń po fúláwà búrẹ́dì níbi iṣẹ́ wa bá gbá etí ìborùn náà mú, ó sì ń wé e lọ. Mo fẹ́ kígbe, ohùn ò jáde. Ẹ̀rọ ń fà mí, èmi náà ń fà. Ta ló ń bá irin fa nǹkan tó borí?

Lójijì ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹnì kan ti pa á. Ẹni náà tú ìborùn lọ́rùn mi, ó fà mí dìde, ó gbá mi lẹ́yìn títí èémí fi wọlé. Nígbà tí mo nu fúláwà kúrò lójú, Ìyá Ààrò ni mo rí.

Ìyá Ààrò kẹ̀! Obìnrin tó ń bójú tó ààrò nílé búrẹ́dì wa, tí èmi àti ẹ̀ kì í kí ara wa. Lọ́dún tó kọjá tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé mi ò ní dìde mọ́, òun ló sọ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé, "Bí kò bá dìde, ṣé búrẹ́dì ò ní wú mọ́ ni?" Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí mi kí ara mi tó yá tán. Èmi ni mo kéré, èmi ló yẹ kí n máa kí i, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà mi ò la ẹnu sí i mọ́. Mo gbà pé ikú mi ló ń wá.

Ó wò mí, ó ya ẹnu, ó tún pa á dé, ó padà sídìí ààrò níbi tí búrẹ́dì ti ń jóná. Ọ̀gá wa ní, "Ẹ kú ewu o. Ikú tó fẹ́ pa ni, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́ ni." Tèmi, ìborùn ló gbà. Ọ̀gá ní kí n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó dúdú ló ń wò.

Ilé ò gbà mí. Mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá láàárọ̀. Mo jókòó, mo dìde. Fáànù ń yí lókè, mo lọ pa á. Ooru mú mi, mo tàn án, mo tún pa á. Mo kó gbogbo ìborùn mi sínú ọ̀rá kí n lè dà wọ́n nù, mo tún kó wọn jáde. Ẹ̀rù ló yẹ kó máa bà mí, inú ló ń bí mi. Nínú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè gbà mí là ni?

Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó fọwọ́ kan ọrùn mi níbi tó ti bó, omi lé ròrò sójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ẹnu tí mi ò fi kí i láti èṣí?"

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parí ẹ̀. Èmi ni ọlọ́ṣà, mo ti gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tí tòní bá ti bọ́, ó ku tọ̀la. 'Ẹ ṣé àná' ò wúwo lẹ́nu."

Ó wúwo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń kọ́ ọ lójú ọ̀nà: "Ẹ ṣé àná. Ẹ ṣé àná, mà." Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ níwájú dá mi lóhùn pé, "Kò tọ́pẹ́." Mo yára kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé obìnrin yìí fẹ́ kí n wà láàyè, àbí kò fẹ́?

Nígbà tí mo dé ilé búrẹ́dì, Ìyá Ààrò jókòó sórí àpò fúláwà, kò tíì dáná. Ojú ẹ̀ pọ́n. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ ṣé àná."

"Dìde. Má dúpẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ gbà mí là."

"Aṣọ iṣẹ́ funfun ni mo rí. Ẹ̀yìn lo kọ sí mi, o dorí kodò. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Ó yẹ kí n dìde kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbé ìbéèrè mì. "Ká ní ẹ mọ̀ ńkọ́?"

Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ méjèèjì. "Ohun tí mo ń bi ara mi láti àná nìyẹn. Mi ò fojú kan oorun. Mo fẹ́ sọ pé ǹ bá ṣì sáré wá. Mo fẹ́ búra sí i. Ẹnu mi ò gbà á."

Mo wá ìbínú mi tì. Mo ní kó sún díẹ̀, ó sún, mo jókòó tì í. Mo wá ro tèmi wò: ká ní òun ni ẹ̀rọ mú, tí èmi sì dá a mọ̀? Mo ń wá ìdáhùn, mi ò rí i, títí ọ̀gá fi wọlé tó ní ta ló máa tan ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó dìde nínú àwa méjèèjì.