Orí Òrùlé Kì í Ṣe ti Ọkùnrin

Kí Sufyan tó dé ilé Lalla Batul ní Fez, nílẹ̀ Mòrókò, ojú rẹ̀ ti rí màbo lórí ọ̀rọ̀ ilé wíwá. Yàrá kan wà tó gbà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn alágbẹ̀dẹ bàbà. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti máa lu ìkòkò gbàn-gbàn-gbàn. Onílé mìíràn búra pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń bẹ. Lóòótọ́ ló ń bẹ, ilé aládùúgbò ló wà.

Ọmọ Amman ni Sufyan, nílẹ̀ Jọ́dánì. Àwòrán tí à ń rí tí a bá ṣí áàpù lórí fóònù, irú rẹ̀ ló ń yà, ibi tó bá sì wù ú ló lè jókòó sí ṣe é, bí nẹ́tíwọ̀kì bá ṣáà ti wà. Ohun tó sọ fún Fawwaz, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta táyà, nìyẹn nígbà tó ń kúrò nílé. Fawwaz bú sẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ tí ò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ò ní kọ́kọ́rọ́, ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Máa lọ o jàre. Tí ìrìn bá sú ẹ, táyà ń dúró dè ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Sufyan dé eegun. Wàyí o, iléeṣẹ́ kan ní Denmark fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Tó bá wù wọ́n, ó ríṣẹ́ ọdún kan gbáko. Tí kò bá wù wọ́n, owó ọwọ́ rẹ̀ ti ń tán lọ, táyà ló kù.

Ilé Lalla Batul tutù, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ìyá náà, tí wọ́n ń fi Lalla pọ́n lé, sì láàánú. Àmọ́ ògiri ilé àtijọ́ yẹn nípọn débi pé nẹ́tíwọ̀kì kò ráyè wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń háyà tábìlì fún àwọn oníkọ̀ǹpútà ní apá tuntun nínú ìlú Fez, àwọn àlejò bíi tirẹ̀ ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, kálukú ń pariwo sínú fóònù tirẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Sufyan na fóònù sókè níbi àtẹ̀gùn, ó rí i pé orí òrùlé ni nẹ́tíwọ̀kì wà. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé láptọ́ọ̀pù, ó gorí òrùlé lọ.

Ẹ ò rí nǹkan! Àlejò lójú, kò fi ríran. Ní àdúgbò yẹn, àwọn obìnrin ló ni orí òrùlé lọ́sàn-án. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírí sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ wọn lẹ́yìn. Ẹni tó bá sì dúró níbẹ̀ á rí inú àgbàlá gbogbo ilé tó yí i ká. Kàkà kí ọkùnrin tí wọ́n bí síbẹ̀ gun òkè láìkọ́kọ́ ké sí wọn, á kúkú bẹ́ sí kànga.

"Ọkùnrin! Ọkùnrin wà lórí òrùlé o!"

Zhor ni, opó ilé kejì, tó fi làálì sórí gbingbin. Ẹnu obìnrin yìí mú ju abẹ lọ. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ojú ò tì ẹ́? Ṣé irun mi lo wá wò ni àbí aṣọ tí mo sá? Lalla Batul o! Irú ayálégbé wo lẹ kó wálé?"

Orí àwọn obìnrin yọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tún pa rẹ́. Sufyan fi láptọ́ọ̀pù bojú, ó ń kọsẹ̀ bọ̀ nílẹ̀. Lalla Batul ti dúró dè é nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ọkọ mi gbé ilé yìí títí tó fi kú, kò débẹ̀ lọ́sàn-án rí. Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lo lọ jókòó síbẹ̀ bí ológbò! Kó ẹrù ẹ."

Sufyan fẹnu ko orí ìyá náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Lalla. Mi ò mọ̀ ni. Tí mi ò bá ríbi jókòó lọ́la, iṣẹ́ yẹn ti bọ́ nìyẹn. Mo máa padà sílé lọ ta táyà." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Táyà kẹ̀?" Lalla Batul wo ọwọ́ rẹ̀ tó rí tín-ín-rín. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. "Òrùlé kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹni tó o rí irun ẹ̀ ni kó o lọ bẹ̀. A kì í fọwọ́ lásán bẹ̀bẹ̀ ládùúgbò yìí o, gbé ṣúgà dání."

Sufyan ra odindi ṣúgà gbagidi, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí, tí wọ́n fi bébà wé. Kò béèrè nǹkan mìíràn tí wọ́n ń gbé e lọ ṣe. Bí Zhor ṣe ṣílẹ̀kùn, ó lanu.

"Ṣúgà? Lẹ́nu ọ̀nà opó? Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ wá bá mi wo ọkọ ìyàwó o! Láàárọ̀ ló rí irun mi, ilẹ̀ ò tíì ṣú, ó ti wá tọrọ mi!"

Etí Sufyan pọ́n. "Ẹ dákun, Lalla, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀…"

Zhor rẹ́rìn-ín títí tó fi di ilẹ̀kùn mú. "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ta ló máa fẹ́ ẹ, ìwọ tí o ò nílé lórí!" Síbẹ̀ ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dópin, ó sì gba ṣúgà. "Ọ̀la la máa fọ àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì òtútù," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Máa lọ ná."

Nígbà tó dọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Lalla Batul da tówẹ́ẹ̀lì bo Sufyan lórí, ó fà á lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn bí afọ́jú. Ìgbà tó ṣí i lójú, Sufyan wò yíká. Àwọn obìnrin ti sá bùláńkẹ́ẹ̀tì tútù yí ibì kan ká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti di yàrá. Tábìlì tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀, tìmùtìmù wà, tíì gbígbóná wà. Kò rí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò rí i. Níta, Zhor dojú ọpọ́n délẹ̀, ó jókòó lé e.

"Ẹni tó bá wúkọ́ lórí òrùlé kankan lónìí, èmi àti ẹ̀ ni o!"

Àwọn tó ń lu kápẹ́ẹ̀tì sọ ọ̀pá sílẹ̀. Gbogbo òkè pa lọ́lọ́.

Birgit, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, yọ kedere lójú kọ̀ǹpútà. Ó béèrè, Sufyan dáhùn. Ó ní kó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn, Sufyan fi hàn án. Ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ò já lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó yá, Birgit rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sufyan, ìwọ gan-an la ń wá. Oṣù tó ń bọ̀ ni wàá bẹ̀rẹ̀."

"Alhamdulillah!" Ó ti pariwo kó tó mọ̀.

Zhor ò gbọ́ ẹyọ kan nínú gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń sọ bọ̀, àmọ́ ìyẹn yé e. Ó fò dìde. "Yuyuyuyuyu!" Lalla Batul gbè é. Òrùlé kejì gbà á, òrùlé tó tẹ̀ lé e gbà á, àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá náà ń ké igbe ayọ̀, títí àdúgbò fi ń mì tìtì.

"Kí nìyẹn?" Birgit béèrè. "Ṣé ìgbéyàwó ń lọ lọ́dọ̀ yín ni?"

"Rárá o, mà. Àwọn ará ilé mi ni. Inú wọn ló ń dùn sí mi."

Ohùn Zhor la bùláńkẹ́ẹ̀tì kọjá. "Lalla Batul! Ẹnikẹ́ni tó bá tún wá béèrè yàrá yẹn, ẹ sọ fún un pé ọmọ ilé ló ń gbé e!"

Sufyan sunkún ayọ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀ tuntun, kò tilẹ̀ nu ojú.