Ohun Tó Gbọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Títẹ ohùn dókítà sílẹ̀ ni iṣẹ́ obìnrin náà. Àwọn dókítà òkè òkun á sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn wọn sínú ẹ̀rọ, ohùn wọn á sọdá òkun, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ ní gbólóhùn ní gbólóhùn títí ẹ̀yìn á fi máa ro wọ́n.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gba fóònù. Báàgì ò gbọdọ̀ wọlé, bíròò ò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ti kun fèrèsé ní ọ̀dà kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú. Ọ̀gá wọn obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Màmá Panumọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní orin méjì: ohun tí ẹ bá gbọ́ níbí, ibí ni kí ẹ fi í sílẹ̀ sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí oorun ti ń kùn ún, ó ṣí fáìlì tuntun. Dókítà náà pe orúkọ aláìsàn ní ìpèkúpè. Obìnrin náà dá ohùn náà padà, ó tún un gbọ́. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà lókè òkun. Ọjọ́ ìbí bá a mu. Kó tó ráyè yọ ẹ̀rọ kúrò létí, dókítà ti débi tó burú: kókó wà nínú ọmú òsì, wọn á gé e.

Ó dìde lọ bá ọ̀gá.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gba fáìlì yìí lọ́wọ́ mi. Ọmọ ìyá mi ni.”

Ọ̀gá wò ó, ó gba fáìlì náà, ó gbé e fún ẹni tó jókòó ti obìnrin náà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé o mọ̀ pé o ò gbọ́ nǹkan kan?”

“Mo mọ̀, mà.”

Ó padà síjòkòó rẹ̀, ó sì ń wo bí ọwọ́ ẹlòmíì ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ.

Nílé, ìyá wọn ń ráhùn pé ọmọ òun tó wà lókè òkun kì í pè bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, àfi bíi pé òtútù ibẹ̀ ti di í lẹ́nu. Nígbà tó bá pè, á ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ̀gbọ́n á bi í pé ṣé kò sí nǹkan, á ní kò sí. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí omi gbígbóná tí èèyàn gbé sẹ́nu, tí kò lè tu ú, tí kò lè gbé e mì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ki fóònù bọ bàtà wọlé, ó ya àwòrán àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì tà á. Ilé ìwòsàn òkè òkun gbọ́, wọ́n gba iṣẹ́ wọn padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, iléeṣẹ́ sì kógbá sílé. Bí gbogbo wọn ṣe ń kó ẹrù jáde, ẹ̀ṣọ́ ṣì ń tú ara wọn wò, bíi pé nǹkan ṣì kù tí wọ́n lè jí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àbúrò pè.

“Ilé ìwòsàn ní ọ̀rọ̀ àwa aláìsàn ti jáde síta níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni?”

“Ọ̀dọ̀ wa ni.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ tèmi?”

“Rárá. Mo gbọ́ díẹ̀, mo bá dá a padà.”

“Mo ń purọ́ fún yín látọjọ́ yìí, ẹ sì mọ̀?”

“Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ.”

“Ṣé èmi gan-an náà ni wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún?”

Bí obìnrin náà ṣe ń panu mọ́ fún ará ìta, kò rò ó rí bóyá ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà wà lára ará ìta. Ló bá ní kó máà bínú.

Àbúrò sunkún díẹ̀. Ó ní wọ́n ti gé e, ojú egbò ti ń jiná, òun nìkan lòun dá lọ, òun nìkan lòun dá bọ̀. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wọn ló ń ba òun tóun ò fi sọ. Ó wá béèrè ẹni tó máa sọ fún màmá.

“A jọ máa sọ ọ́ ni.”

Ìyá wọn ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbé fóònù wọlé. Ó sún aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó, ó ní, “Màmá, ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ ná. Ọmọ yín fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.”